Ìlasa: Ọbẹ̀ àìnáwó tí àwọn ìyá fi ń bọ́ ilé ńlá n'Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ ti gbòde kan, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni kò lè yan irú ọbẹ̀ tí òun fẹ́ jẹ mọ́. Ohun tí owó ọwọ́ ìyàwó bá ká ni ìkòkò ń gbà. Baálé tí ó máa ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀ pé òun kò lè jẹun láìsí ẹran méjì lórí àwo ti ń fi pọ̀nmọ́ kan ṣoṣo jẹ àmàlà tán báyìí, kò sì wí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ó kan àgbẹ̀, ó kan àwọn ọlọ́kadà tó ń ná Ìkìrun sí Òkukù, kò sì yọ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì sílẹ̀.

Ní Ìkìrun tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, àti ní Inísà òun Òkukù tí wọ́n wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọbẹ̀ kan wà tí àwọn ìyá àgbà mọ̀ dáadáa. Kò béèrè tòmátò, kò béèrè òróró, kò sì ní kí ènìyàn ra ẹran kìlógíráàmù kan kí ó tó dùn. Ìlasa ni orúkọ rẹ̀. Ewé ilá ni wọ́n fi ń sè é, ewé kan náà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí máa ń rí lóko tí wọ́n á rò pé ewúrẹ́ nìkan ló ni ín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ bí ọjà ṣe rí fún yín. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti fò sókè sí nǹkan bíi 500 náírà, gbogbo ohun tí mọ́tò ń gbé wọ ọjà sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìpàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, iye tí àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn NBS, gbé jáde ni pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà láti 30,000 tí ó wà. Lóòótọ́, iye tí àjọ náà ń kéde ti wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò wọn tò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ṣùgbọ́n pé ọjà kò sáré gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti padà sí ìsàlẹ̀ òkè tí ó ti gùn.

Àwọn ará Ọ̀ṣun kúkú ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú àwọn ará ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ ó rántí ọdún 2015, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó láàbọ̀-láàbọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ń gba tiwọn pé, àwọn tó wà láàárín ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, nígbà tí àwọn ọ̀gá ń gba ìdajì péré. Ó di ọdún 2018 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń ṣe ìṣirò lórí ìkòkò ọbẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ìwé lọ. Ilé tí ìyá àgbà bá wà, tí ó ṣì mọ àwọn ọbẹ̀ àtijọ́, ní àǹfààní tí àwọn tó kù kò ní.

Kí wá ni ìlasa gan-an? Ilá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà ló ṣe ìkejì lẹ́yìn Íńdíà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin ilá jù lọ lágbàáyé, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ni ayé mọ̀. Irú ilá méjì ló pọ̀ lóko wa. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń yára so, tí àgbẹ̀ bá gbìn ín lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tí yóò so láàárín nǹkan bí oṣù méjì. Èkejì ni ilá ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Abelmoschus caillei. Èyí a máa ga, a máa pẹ́ lórí ilẹ̀, kì í sì í fẹ́ so títí ọ̀sán yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú nígbà tí òjò ń lọ sílé. Ní gbogbo oṣù tí kò fi tíì so yẹn, ewé ni ó ń yọ, ewé tútù yọ̀yọ̀. Àgbẹ̀ tó ń dúró de èso nìkan ń fi oúnjẹ oṣù mẹ́rin sílẹ̀ lórí igi. Àwọn ìyá àtijọ́ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń já ewé náà díẹ̀díẹ̀ láìpa igi lára, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n sì ń sá èyí tó bá ṣẹ́kù pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe báyìí. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, ewé igi osè gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n fi ń se míyàn kúkà, òun náà ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin mọ̀ sí lúrú. Ewédú tí àwa ń jẹ, àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́, molokhia ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sá a gbẹ bí a ti ń sá ìlasa. Ní Họ́ńgárì, oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ orílẹ̀-èdè náà mọ́, tí wọ́n ń pè ní gulyás, ọbẹ̀ àwọn darandaran ni. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń da màlúù. Ẹran tó yi, tí olówó kò fẹ́, ni wọ́n ń jù sínú ìkòkò irin lórí iná igi ní pápá, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, títí yóó fi rọ̀. Lónìí, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ni àwọn àlejò ti ń jẹ ẹ́. Ìlasa kò tíì dé hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Bóyá ó sàn bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá dé ibẹ̀, owó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Bí wọ́n ṣe ń sè é

Ìlasa tútù ni a ó kọ́kọ́ sọ. Ewé ọ̀dọ́ tí ó wà lókè igi ni wọ́n ń já, nítorí èyí tí ó bá ti gbó máa ń yi, okùn inú rẹ̀ a sì máa há ni léyín. Wọ́n á yọ igi ìdí ewé kúrò, wọ́n á fi omi oníyọ̀ díẹ̀ ṣan án nítorí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ewé, wọ́n á wá rẹ́ ẹ. Rírẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ kúnná ju ti ẹ̀fọ́ lọ, bí ìgbà tí a bá fẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò. Bí ènìyàn mẹ́fà bá fẹ́ jẹun nínú ilé, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́jọ ewé tútù kò pọ̀ jù, torí pé bí iná bá ti kàn án báyìí ni yóò sún kì.

Omi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé kaná, omi náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń ṣe ni pé wọ́n á bu omi kún ìkòkò bí ẹni tó fẹ́ se ìrẹsì, ọbẹ̀ á wá di omi ewé, ilé á sì máa rojọ́ pé ìlasa kò dùn. Ìwọ̀n ife omi méjì tó fún ewé tí a sọ yìí. Bí ó bá ti ń hó, wọ́n á sọ kán-ún díẹ̀ sí i, èyí tí kò ju ìwọ̀n èékánná lọ, wọ́n á sì da ewé lé e. Wọn kì í dé ìkòkò náà pa. Kán-ún a máa mú kí ó hó sókè bí ọṣẹ, ẹni tó bá sì ṣí ojú kúrò yóò bá ọbẹ̀ rẹ̀ nínú eérú.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìjábẹ̀ ló kàn. Àwọn ọmọ ìlú ńlá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọta oníná lọ ewé lè má mọ ìjábẹ̀ mọ́. Ìgbálẹ̀ kékeré tí wọ́n dì pọ̀ ni, tí wọn kò fi gbá ilẹ̀ rí, tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọlọ nínú ilé ìdáná. Wọ́n á fi ja ewé náà mọ́ inú ìkòkò, títí yóó fi fà, tí yóò sì ṣọ̀kan. Ẹ̀rọ ìlọta ń ṣe iṣẹ́ náà ní kíákíá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ di nǹkan tó jọ àṣáàrá, kò sì ní ohun tí eyín lè bá ṣeré mọ́.

Nígbà tí ó bá ti fà, wọ́n á sọ irú sí i, àti ata tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà kékeré. Ẹ̀gúsí lílọ̀ ló tẹ̀lé e. Síbí ìjẹun mẹ́rin tó ilé ènìyàn mẹ́fà. Wọ́n á fi omi díẹ̀ pò ó, wọ́n á fi ọwọ́ tàbí síbí bù ú sí orí ọbẹ̀ káàkiri, wọn kò sì ní fi orógùn kàn án fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ, kí ó lè dì kí ó tó túká. Ibi tí ẹ̀gúsí ti wọ́n, ẹ̀pà sísun tí wọ́n lọ̀ lè rọ́pò rẹ̀, adùn rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣan, tàbí pọ̀nmọ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, á wọlé lásìkò kan náà. Iyọ̀ ló kẹ́yìn. Ní ti epo pupa, àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi epo díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè fani mọ́ra, àwọn mìíràn sì gbà pé ẹni tó bá fi epo sí ìlasa kò mọ ìlasa, pé ọbẹ̀ ata lọ́tọ̀ ni ó yẹ kí epo wà. Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó ná lè fi ti àwọn kejì ṣe, nítorí wọ́n ti dín ìnáwó kan kù.

Gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí omi gun iná títí di ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kì í kọjá ìṣẹ́jú ogójì. Ẹ fi wé ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń dín tòmátò rẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí kíkan rẹ̀ tó lọ, ẹ ó rí i pé kì í ṣe owó ẹran nìkan ni ìlasa ń gbà sílẹ̀. Ẹni tó ń fi gáàsì dáná mọ iye tí ìyẹn jẹ́ nígbà tó bá gbé sílíńdà lọ rọ gáàsì.

Ti ìlasa gbígbẹ rọrùn jù. Lásìkò tí ewé bá pọ̀ lóko, wọ́n á já a, wọ́n á ṣan án, wọ́n á sá a sórí ẹní tàbí pẹpẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í sá a sínú oòrùn gangan ní gbogbo ọjọ́, nítorí oòrùn líle a máa sọ àwọ̀ ewé náà di pípọ́n. Bí ó bá ti gbẹ dáadáa, yóò máa dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á kù ú, wọ́n á dà á sínú ìkòkò amọ̀ tàbí ike tó ní ìdérí. Ẹ̀kúnwọ́ méjì rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́jọ ewé tútù, ó sì lè wà títí òjò ọdún kejì yóò fi dé bí ọ̀rinrin kò bá dé ibi tó wà.

Irú, kán-ún àti ọ̀nà rélùwéè

Bí ìlasa bá ní ẹran, irú ni ẹran rẹ̀. Láti ara igi igbá ni wọ́n ti ń rí i, tí wọ́n á se èso rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, tí wọ́n á tún un sè, kí wọ́n tó dì í sínú igbá tàbí agbọ̀n tí wọ́n fi ewé àti àpò bò fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Ohun tó ń sọ ọ́ di irú ni kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis, tó ń tú agbára inú rẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń fún un ní òórùn tí àwọn kan ń sá fún. Èròjà tó ń mú ara le pọ̀ nínú rẹ̀. Máàgì tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná, iyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ará Switzerland kan, Julius Maggi, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ní ọdún 1908 sì ni èyí tó rí bí kúbù jáde. Kò yani lẹ́nu pé àwọn obìnrin gbà á, ó mọ́ tónítóní, kò ní òórùn, ó sì wà nínú ìwé tó ń dán. Ṣùgbọ́n nínú ìlasa, a kò lè fi àwọn méjèèjì wéra. Ẹni tó bá se ìlasa láìsí irú ti se omi ewé.

Kán-ún ní ìtàn tirẹ̀. Láti agbègbè adágún Chad ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, àwọn oníṣòwò Hausa sì ti ń gbé e gba Ìlọrin wọ ilẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí wọ́n sì tẹ ojú irin náà dé Ìlọrin ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá. Àwọn ìlú tí àwọn èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìtàn ogun, pàápàá Ìkìrun níbi tí Ìbàdàn ti jagun Jálumi ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 1878, wá di ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Àlùbọ́sà, ata gbígbẹ àti kán-ún ń bọ̀ láti òkè, obì àti epo ń lọ. Ìkòkò ìlasa tó dàbí pé gbogbo inú rẹ̀ wá láti ẹ̀yìnkùlé, kò sí èyí tí kò ní ohun tó rin ìrìn àjò nínú rẹ̀. Ata pàápàá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá sọ́dọ̀ wa ní àwọn ọ̀rúndún sẹ́yìn, bíi tòmátò.

Tòmátò yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìlasa níyì lójú àwọn tó ń ronú. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta bo oko tòmátò ní ìhà àríwá mọ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ìpàjáwìrì nítorí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Ẹ̀bólà tòmátò. Láti ìgbà náà, bí nǹkan kan bá ti ṣẹlẹ̀ sí oko òkè ọ̀hún tàbí sí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà, apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní ọjà wa á ti yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewé ilá kò ní irú wàhálà yẹn. Ẹ̀bá àkùrọ̀ odò Ọ̀tìn, ẹ̀yìn ilé, inú ike tí ó ti fọ́, níbikíbi ni yóò ti hù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá àwọn ọbẹ̀ àtijọ́ rìn ló yẹ kí a gbé padà. Ní agboolé àtijọ́, ìkòkò kan ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù ní ọdún 1970 sókè, tó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà ní ọdún 1991, fi hàn pé iye èèyàn tó yí ọkùnrin kan ká ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti di ènìyàn ńlá. Èèyàn púpọ̀ kò sì lè yí ẹni tí ìkòkò ilé rẹ̀ gbẹ ká. Níbi tí ẹran bá ti kéré, baálé ló ń kọ́kọ́ mú, àwọn àgbà tẹ̀lé e, ọmọdé ń gba eegun. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé ọmọ tí a bá fún ní ẹran tàbí ẹyin jù yóò di olè. Irọ́ gbáà ni, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ léṣe. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló nílò èròjà amáradàgbà jù nínú ilé, baálé tó ti dàgbà tán kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹja kan ṣoṣo bá wà nínú ìlasa, àwo ọmọ ni ó yẹ kí ó wọ̀. Bí kò bá sí rárá, ẹ̀gúsí àti irú inú ọbẹ̀ náà ni kí wọ́n bù fún un dáadáa, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tàbí ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá tó lóyún àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́yàn náà wà nínú àwọn tí kò yẹ kí ìṣọ́wóná dé orí wọn.

Ọ̀rọ̀ kán-ún náà nìyẹn. Iyọ̀ kan ni òun náà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ fi ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba díẹ̀ lára àǹfààní inú ewé jẹ́ bí ó bá pọ̀. Ìlasa ọ̀dọ́ tí wọ́n rẹ́ kúnná, tí wọ́n sì fi ìjábẹ̀ jà dáadáa, a máa fà láìsí kán-ún rárá. Yóò kàn gba ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni. Ohun mìíràn tí àwọn ìyá àtijọ́ kò ní láti bẹ̀rù ni oògùn apakòkòrò. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fọ́n oògùn sí ilá nítorí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìlasa ní oko ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí wọ́n fọ́n oògùn kẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ kí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike oògùn náà kọjá kí ó tó já ewé. Èyí tí wọ́n ń sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí èéfín àti eruku mọ́tò ń bà lé, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ní Òkukù, níbi tí Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà kan sí, ọmọ tó ti ìlú mìíràn wá lè gbé ọdún mẹ́rin láìtọ́ ìlasa wò. Indomie ló yá jù, owó rẹ̀ nìkan ni kò yá mọ́. Àbùkù náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀ tálákà fún ìgbà pípẹ́, ìyá kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sè, kí wọ́n má baà rò pé ilé ìṣẹ́ ni ó ti wá. Báyìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti pé ogójì ọdún fi mọ adùn ìlasa láti ọwọ́ ìyá wọn àgbà, tí wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ìyá àgbà bá lọ, ìkòkò náà bá a lọ.

Ó ṣeni láàánú, nítorí pé ní òkè òkun, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ilá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n ṣì ń se caruru, ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń fi edé àti epo pupa sè, tí wọ́n sì máa ń fi ń ṣe sàráà fún àwọn ọmọdé nígbà ọdún Ìbejì ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tí àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń pè ní àmàlà Ṣàngó gan-an, ilá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúkọ òkèlè ti lọ sórí ọbẹ̀.

Nílé níhìn-ín, òkèlè ṣì ni òkèlè. Àmàlà dúdú tí èlùbọ́ rẹ̀ kúnná ló bá ìlasa mu jù, ṣùgbọ́n láfún ni àwọn tó ń ṣọ́ owó ń lò, kò sì sí ohun tó ṣe é. Wọ́n ń fi jẹ iyán náà, bí iṣu tuntun bá ti jáde. Bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù lálẹ́, wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi hó dáadáa, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ láìfi síbí kàn án mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀gúsí ti mu irú yó, wọ́n á tún un gbé kaná, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ gbígbóná jẹ ẹ́ kí àwọn ọmọ tó jáde lọ sí ilé ìwé. Àwọn tó mọ̀ sọ pé ìgbà yẹn gan-an ni ìlasa ń dùn jù.